Omi Dídì, Irun Dídì

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́ ló le jù, nọ́ọ̀sì Hindrikje wí,
lẹ́yìn náà orí á kú, kò ní mọ nǹkan kan mọ́.
Ó wí i bí ẹni ń sọ iye owó ọkọ̀ ojú irin.
Mo ti fi omi rin irun Wietske bí wọ́n ṣe kọ́ mi,
mo ti fi ìpara pa á láti ìdí dé ṣóńṣó,
mo ti fi òwú tẹ́ iwájú orí rẹ̀ kí òtútù má bàa jó o.
Fìlà náà dé. Ó ní okùn abẹ́ àgbọ̀n, ó ní ìrù
tó gùn lọ sídìí ẹ̀rọ kan tó ń kùn bíi fíríìjì àtijọ́.

"Fún un," ni Wietske wí. "Fún un sí i."
Èmi tí mò ń ṣọ́ afárá, tí mò ń gbé e sókè fún ọkọ̀ ojú omi,
ọwọ́ mi tó mọ irin, tó mọ bọ́tìnnì,
ń gbọ̀n lórí okùn fìlà.

Nílùú wa ní Friesland, a kì í bá omi dídì ṣọ̀tá.
Bàbá rẹ̀ a máa gbẹ́ ihò sínú odò tó dì,
a fi rúlà wọn ìnípọn rẹ̀:
sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ gba ọmọdé,
méjìlá gba ìyàwó tuntun àti gbogbo àna rẹ̀.
Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Wietske tó fi bàtà onírin
sáré kọjá abúlé mẹ́ta, irun rẹ̀ pupa
ń fò lẹ́yìn rẹ̀ bí ìrù ẹṣin.
Nígbà náà, òun ló ń gun yìnyín.
Lónìí, yìnyín gùn ún lórí.

Dókítà bi í pé ṣé nítorí ẹwà ni.
Ó rẹ́rìn-ín. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta, ẹwà wo?
Nítorí ìyá rẹ̀ ni,
Froukje, nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó,
tó ti gbàgbé orúkọ ọmọ,
tó ń pè mí ní ẹni tó ń pín lẹ́tà,
tó ń kí fèrèsé pé ó káàárọ̀.
Àmọ́ lọ́jọ́ Àìkú, bí Wietske bá kúnlẹ̀, tó kọ ẹ̀yìn sí i,
ọwọ́ á rántí.
Ìdì mẹ́ta. Ọ̀tún borí àárín, òsì borí àárín.
Ahọ́n ò mọ ọmọ mọ́; ìka mọ̀ ọ́n.

Oògùn pupa ń kán.
Eyín Wietske ń lu ara wọn lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì,
mo fi ìbọ̀sẹ̀ mi wọ̀ ọ́ lórí tirẹ̀.
Antje tó wà lórí àga kejì lo ìṣẹ́jú mẹ́jọ péré,
ó já fìlà kúrò: "Kí irun máa lọ, ẹ jẹ́ kí èmi kù!"
Kò sẹ́ni tó bá a wí.
Nígbà tó tún padà wá, orí rẹ̀ ń dán bí ẹyin,
ó ń jẹ àkàrà òyìnbó, inú rẹ̀ dùn.

Lọ́sẹ̀ kẹta, mo rí irun nínú ihò omi balùwẹ̀.
Mo kó o sápò kó má bàa rí i.
"Sjoerd, kí ló wú lápò rẹ yẹn?"
Mi ò lè purọ́. Kò sunkún; ó ní kí n lọ wá kọ́ọ̀mù tí eyín rẹ̀ jìnnà síra.
Nígbà tí oògùn karùn-ún parí,
bóyá ìdámẹ́ta ló kù.

Lọ́jọ́ Àìkú, ó kúnlẹ̀ síbi tó máa ń kúnlẹ̀ sí.
Ìyá mú irun náà lọ́wọ́, ó pín in sọ́nà mẹ́ta.
Ó dúró.
Ó tún fi àtàǹpàkò wọ̀n ọ́n,
pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ọkọ rẹ̀ ti máa ń ṣe létí odò.
"Ó ti fẹ́lẹ́," ló wí. "Má gorí rẹ̀ lónìí o.
Dúró kó tún dì."
Ó sì ń dì í lọ, ohun tó kù,
tínrín bí okùn bàtà.
Mo wo aago. Ọkọ̀ méjì ti ń fọn fèrè níbi afárá.
Mi ò dìde.